Ẹgbẹ́ márùn-ún já wálẹ̀ mọ́ Hermann Hreiðarsson lọ́wọ́: báwo ni kí n ṣe sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ tó ń gbá ẹ̀yìn?

Kóòṣì_Woolwich

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sunday ní apá ibí yìí ní gúúsù ìlà-oòrùn London. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn dáadáa. Ẹgbẹ́ wa já wálẹ̀ sí líìgì ìsàlẹ̀ ní sáà yìí, ó sì dun gbogbo wa, àmọ́ ọ̀kan wà nínú wọn tó gbé e lé orí ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yìn lápá òsì ló ń gbá. Ẹgbẹ́ tó wà kó tó wá sọ́dọ̀ wa náà já wálẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí òun ni kò dáa, pé ibi tí òun bá wọ̀ ló ń bàjẹ́. Bàbá rẹ̀ sì ń yọ mí lẹ́nu pé kí n gbé e lọ síwájú, pé ta ló ń ra ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn.

A fẹ́ ṣe àpèjẹ ìparí sáà láìpẹ́. Ìtàn Hermann Hreiðarsson ló wá sí mi lọ́kàn, ará Iceland tó gbá bọ́ọ̀lù fún Charlton níbí. Gbogbo ẹgbẹ́ tó bá gbá Premier League ló já wálẹ̀ nígbà tó wà níbẹ̀: Crystal Palace ní 1998, Wimbledon ní 2000, Ipswich ní 2002, Charlton ní 2007, Portsmouth ní 2010. Síbẹ̀ wọn ò yé rà á. Wàhálà mi ni pé ohun tí mo rí kà nípa rẹ̀ kò kọjá jíjá wálẹ̀ yìí, àfi bí ẹni pé ọkùnrin náà ò ṣe nǹkan míì láyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo bọ́ọ̀lù rẹ̀, ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni? Kí ni àwọn tó ń rà á rí lára rẹ̀? Kí ni mo lè sọ tí ọmọ náà ò fi ní rò pé mo kàn ń pẹ̀tù sí òun nínú?

Àlàbí_SE7

Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi wà ní The Valley, pápá Charlton, lọ́jọ́ tí wọ́n já wálẹ̀, 7 May 2007. Tottenham ló fi 2-0 lé wa jáde. Inú bí wa, àwọn èèyàn ń sunkún, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nítòsí mi dárúkọ Hermann sí ibi. Alan Curbishley ti lo ọdún 15 níbẹ̀ kó tó lọ ní 2006. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, kóòṣì mẹ́ta la lò: Iain Dowie, Les Reed, Alan Pardew. Kálukú dé pẹ̀lú ètò tirẹ̀. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn ò lè mọ ibi tó yẹ kó dúró bí wọ́n bá ń yí ètò padà lójoojúmọ́.

Èyí tí wọn kì í sọ ni pé Hermann yìí kan náà wà nínú ẹgbẹ́ Charlton tó ṣe ipò keje ní 2004. Ipò keje nínú Premier League! Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ náà.

Àkànbí_Mọ́kọ́lá

Ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ ọn.

Góòlù tó bá wọ àwọ̀n ẹgbẹ́ la fi ń mọ iṣẹ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ní sáà tí Palace já wálẹ̀, góòlù 71 ló wọ àwọ̀n wọn. Wimbledon, 74. Ipswich, 64. Charlton, 60. Portsmouth, 66. Hermann wà nínú ẹ̀yìn ẹgbẹ́ márààrún. N kò sọ pé òun nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Èmi náà ti kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn fún ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá ti ń sọ fún ṣáá pé "kì í ṣe ẹ̀bi ẹ" kì í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Kóòṣì ni yóò dá lẹ́bi lónìí, pápá ni yóò dá lẹ́bi lọ́la, rẹfirí ni yóò kàn lọ́túnla. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, kí ẹ jọ ka iye góòlù tó gba apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ará Iceland.

Tóyìn_Suffolk

Bọ̀dá Àkànbí, iye góòlù tí ẹ kó wá tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ fo sáà kan, sáà yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ní August 2000 ni Ipswich ra Hermann lọ́wọ́ Wimbledon. Ẹgbẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá sí Premier League ni. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn ni wọ́n san, wọn ò sì tíì san irú owó bẹ́ẹ̀ rí lórí ẹnikẹ́ni. Gbogbo èèyàn ló ní a máa já padà. Góòlù 42 péré ló wọ àwọ̀n wa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, a ṣe ipò karùn-ún, a lọ sí UEFA Cup, wọ́n sì fún George Burley ní àmì ẹ̀yẹ kóòṣì tó dára jù lọ́dún náà. Sáà kejì ni 64 tí ẹ kà yẹn. Láti 42 sí 64, Hermann kan náà ló wà níbẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìdíje Yúróòpù wọlé dé láàárín ọ̀sẹ̀, ẹgbẹ́ náà ò sì ní èèyàn tó pọ̀ tó láti gbá méjèèjì pọ̀. A na Inter Milan 1-0 ní Portman Road, mo rò pé ilé máa ya lọ́jọ́ náà. Wọ́n na wá 4-1 nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun dé, Finidi George tiwa wà lára wọn, láti Mallorca ló ti wá. Kérésìmesì bá wa ní ìsàlẹ̀ pátápátá. A gbìyànjú, a fẹ́ẹ̀ jáde, a tún rì. Liverpool fi 5-0 sin wá sọ́nà lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Lẹ́yìn náà ni owó tẹlifíṣọ̀n dáwọ́ dúró, owó oṣù ńláńlá sì ń lọ. Nígbà tó fi máa di 2003, ẹgbẹ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ilé ẹjọ́ yàn láti bójú tó gbèsè. Bí gbèsè bá wọlé, ẹni tí ọjà ń bèèrè ni wọ́n máa ń tà. Hermann ni ọjà ń bèèrè. Bó ṣe dé Charlton nìyẹn.

BàbáTẹ́niọlá

Mo fẹ́ fi kún èyí tí Tóyìn sọ. Gbogbo yín ń fò láti Palace bọ́ sí Wimbledon, ẹ ò dúró ní Brentford, níbẹ̀ sì ni ìtàn tí Kóòṣì ń wá wà.

Palace já wálẹ̀ ní 1998. Láàárín ọdún yẹn náà ni Hermann lọ sí Brentford. Ipele kẹrin ni Brentford wà nígbà yẹn o! Ron Noades, tó ti ni Palace tẹ́lẹ̀, ló ra ẹgbẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló tún ń ṣe kóòṣì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 850 pọ́n-ùn ló fi ra Hermann, owó tí Brentford ò náwó irú rẹ̀ rí. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó ń kojú Manchester United ní sáà tó kọjá, òun ló wà ní pápá kéékèèké yìí, níbi tí ó ti lè gbọ́ ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń bú u láti ìta. Ó lè ṣe ìyàngàn kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìmẹ́lẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Brentford gba ife líìgì náà ní 1999, wọ́n gòkè. Kí ọdún yẹn tó parí, Wimbledon ti san mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ láti dá a padà sí Premier League.

Ẹ wo owó náà bó ṣe ń lọ: 850,000, lẹ́yìn náà mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, lẹ́yìn náà mílíọ̀nù mẹ́rin. Bí àwọn ẹgbẹ́ ṣe ń já wálẹ̀ ni owó ọkùnrin náà ń gòkè. Kí bàbá ọmọ yẹn tó ní "ta ló ń ra ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn" wá gbọ́ èyí.

ÌyáÌbejì_Pompey

Ẹ kú ìjíròrò o. Portsmouth ni mò ń gbé láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn kí Hermann tó dé, kí n sọ tiwa.

Ọ̀fẹ́ ló wá bá wa ní 2007, lẹ́yìn tí Charlton já wálẹ̀. Harry Redknapp ni kóòṣì. Ní sáà àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni a gba Ife FA. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó mọ bọ́ọ̀lù ló mọ ọjọ́ yẹn, 17 May 2008, torí Kanu ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Cardiff. John Utaka ló gbá bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún, ó yọ̀ lọ́wọ́ aṣọ́lé wọn, Kanu sì wà níbẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, a ti na Manchester United ní Old Trafford 1-0, Kanu náà ló jẹ góòlù tó na West Brom kó tó di àṣekágbá. Ṣùgbọ́n tí a bá ń ka Kanu, ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú. David James nínú àwọ̀n. Glen Johnson, Sol Campbell, Sylvain Distin, Hermann. 1-0, 1-0, 1-0. Góòlù kan ṣoṣo kì í gba ife bí ẹ̀yìn bá jò.

"Herminator" ni wọ́n ń pè é níbí. Ó tóbi, ó lágbára, ohùn rẹ̀ ò sì ń sinmi lórí pápá.

Ẹ wá wo ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn. Owó tán. Olówó ẹgbẹ́ ń pààrọ̀ ní sáà kan náà bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ, owó oṣù ń pẹ́ kó tó dé. Nínú ooru 2009, wọ́n ta Johnson fún Liverpool, wọ́n ta Distin fún Everton, Crouch àti Kranjčar bọ́ sí Tottenham. Campbell náà ti lọ. Nínú àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn níbi àṣekágbá 2008 ní Wembley, Hermann nìkan ló kù. Ní February 2010, àwọn alábòójútó gbèsè gba ẹgbẹ́, Portsmouth sì ni ẹgbẹ́ Premier League àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n gé ojú àmì mẹ́sàn-án kúrò lára tiwa, ibẹ̀ la sì ti já wálẹ̀. Ní ìparí March ni iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ Hermann já nígbà tí a lọ bá Tottenham. Ẹni ọdún 35 ni. A tún dé àṣekágbá Ife FA lọ́dún yẹn o, Chelsea na wá 1-0, òun ò sì lè gbá a.

Ọmọ tó bá ní òun ló ń ba ẹgbẹ́ jẹ́, ẹ sọ èyí fún un: àwọn tó ba Portsmouth jẹ́ ò wọ bàtà bọ́ọ̀lù rárá.

Fẹ́mi_Òṣogbo

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe níbẹ̀ kí Kóòṣì má baà gbé e dé iwájú àwọn òbí. Àmì mẹ́sàn-án kọ́ ló já yín wálẹ̀. 19 ni Portsmouth fi parí. Ẹ fi mẹ́sàn-án lé e, 28. Burnley àti Hull tó wà lókè yín ní 30, àwọn méjèèjì náà já wálẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá náà ni ẹ ṣì máa wà.

ÌyáÌbejì_Pompey

Fẹ́mi, ìṣirò yín tọ̀nà, ẹ ṣé. Àmọ́ ẹ má ka àmì nìkan. Ẹgbẹ́ tó ta gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, tí owó oṣù ò sì dé lásìkò, báwo ló ṣe fẹ́ kó àmì jọ? Gígé yẹn wáyé ní March, ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ooru.

Òpó_Kejì

Ẹ̀yìn lápá òsì ni mo gbá títí mo fi fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ibi ńlá, ní àwọn líìgì ìpínlẹ̀ nílé ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lójú pápá, torí ọ̀rọ̀ owó àti olówó ò ní yé ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Kóòṣì, ẹ wá fídíò àṣekágbá 2008 yẹn, kí ẹ jókòó ti ọmọ náà. Ẹ sọ fún un pé kó má wo bọ́ọ̀lù. Kó wo Hermann nìkan, pàápàá nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà ní apá ọ̀tún, lọ́ọ̀ọ́kán sí i. Àwọn tó ń wò láti ìta máa ń rò pé ó ń sinmi nígbà yẹn. Rárá o. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà wọ àárín, ẹ̀yìn òsì ló ni òpó kejì, ìyẹn òpó àwọ̀n tó jìnnà sí bọ́ọ̀lù. Ẹni tó máa jẹ góòlù kì í dúró níwájú rẹ, ẹ̀yìn rẹ ló ń gbà yọ, níbi tí ojú rẹ ò dé. Nítorí náà o gbọ́dọ̀ yí ara rẹ sí ẹ̀gbẹ́, kí o lè rí bọ́ọ̀lù, kí o sì lè rí ọkùnrin náà. O máa yí orí wo ẹ̀yìn, o máa wo bọ́ọ̀lù, o tún máa yí orí. Ọmọ tó bá wo bọ́ọ̀lù nìkan fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, góòlù ti wọlé.

Ohun kejì: Niko Kranjčar ló wà níwájú Hermann lápá òsì lọ́jọ́ yẹn. Kranjčar kì í dúró lẹ́bàá ìlà, àárín ló máa ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀nà òsì, láti òpó tiwọn dé ìdajì pápá, Hermann nìkan ló ni ín. Bó bá gòkè, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé òun lè padà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló dára kó má gòkè. Èyí ni ọgbọ́n tí àwọn tó ń ra agbábọ́ọ̀lù ń sanwó fún, kò sì hàn nínú iye góòlù ẹgbẹ́.

Ó tún lè bọ́ sí àárín ẹ̀yìn bí ẹnì kan bá fara pa. Èèyàn kan, ibi méjì. Kóòṣì tí kò ní owó púpọ̀ fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an.

Àkànbí_Mọ́kọ́lá

Èyí ni mo fẹ́ gbọ́. Òpó Kejì, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ òpó kejì yìí ló lè wọ ọmọ létí, nítorí ó lè ṣe é lórí pápá ní Sunday tó ń bọ̀.

Bọ́sẹ̀_Gbàgádà

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ Hermann nìkan? Birkir Már Sævarsson wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀tún lòun ń gbá fún Iceland. Ní 2018, ọdún Ife Àgbáyé gan-an, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Valur nílé, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di iyọ̀ sínú àpò. Láti ibẹ̀ ló lọ kojú Argentina, wọ́n gbá 1-1. Àwa náà la wá na wọ́n 2-0 ní Volgograd ní 22 June, Ahmed Musa ló jẹ méjèèjì. Ẹ rántí Ragnar Sigurðsson, àárín ẹ̀yìn wọn, tó fi bándéèjì wé orí ṣáájú kó tó jáde. Òun náà ló jẹ góòlù fún wọn nígbà tí wọ́n na England ní Euro 2016. Ìtàn àwọn yẹn mọ́lẹ̀ ju ti jíjá wálẹ̀ lọ. Iceland ò sì tíì nà wá rí.

Fẹ́mi_Òṣogbo

Wọ́n ti nà wá rí o, Bọ́sẹ̀. 3-0, ní Reykjavík, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, ní 1981. Ti Volgograd ni ìkejì.

Kóòṣì_Woolwich

Ẹ ṣé gan-an. Bọ́sẹ̀, ti Birkir dùn mọ́ mi, ó sì máa wúlò fún àwọn ọmọ tó rò pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ míì ti kúrò nínú bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi yìí, jíjá wálẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí mo bá sọ ìtàn ẹni tó lọ sí Ife Àgbáyé fún un, yóò ní "ṣé ẹ rí i, òun ò já wálẹ̀". Mo fẹ́ ẹni tó jẹ nínú ohun tó ń jẹ.

Ará_Reykjavík

Ẹ káàsán o láti Iceland. A ò pọ̀ níbí, ṣùgbọ́n a wà. Inú mi dùn pé ẹ ń sọ̀rọ̀ Hermann, torí níbí ẹnikẹ́ni kì í fi jíjá wálẹ̀ júwe rẹ̀.

ÍBV ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ará Vestmannaeyjar. Erékùṣù ni, ọkọ̀ ojú omi la ń wọ̀ débẹ̀, apẹja sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní January 1973, òru ọjọ́ kan, ilẹ̀ là lẹ́yìn ìlú, iná bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ló ń gbé níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ìpẹja wà ní èbúté lóru yẹn, àwọn ni wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Eérú bo ilé mọ́lẹ̀ dé òrùlé. Àpáta yíyọ́ náà fẹ́ dí ẹnu èbúté, wọ́n wá ń fa omi òkun tútù bù ú fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ títí ó fi dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà, wọ́n gbá eérú kúrò, wọ́n tún ilé kọ́. Ọdún kejì ni wọ́n bí Hermann. Àwọn tó tún ìlú yìí kọ́ ni àgbà tó bá nínú ẹgbẹ́ ÍBV. Mo ti dé pápá wọn, Hásteinsvöllur. Àpáta ga lẹ́yìn pápá náà, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ débi pé bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé gbá sókè lè padà wá bá a.

Ẹ tún fi èyí sí i: ìgbà 89 ló gbá bọ́ọ̀lù fún Iceland, láti 1996 sí 2011, ó sì ṣe balógun wọn. Kò lọ sí ìdíje ńlá kankan, torí Iceland ò tíì dé ibẹ̀ láyé tirẹ̀. Euro 2016 tí ẹ ń sọ, ó ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn.

Lẹ́yìn Coventry, níbi tí kò pẹ́ sí, ó padà wálé. Ó di kóòṣì ÍBV ní 2013, David James sì bá a wá síbẹ̀, aṣọ́lé tó ti gbá fún England wá ń ṣọ́lé ní erékùṣù yẹn! Nígbà tó yá, James mú un lọ sí Kerala Blasters ní Íńdíà láti ràn án lọ́wọ́. Sol Campbell náà pè é sí Southend ní 2019. Ẹ wò ó: àwọn tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀ ní Wembley ni wọ́n ń wá a kiri. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀yìn jù ni ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbá a.

Ó tún padà sí ÍBV. Wọ́n já wálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2023. Wọn ò lé e lọ. Ní 2024 wọ́n gba ife ìpele kejì, wọ́n gòkè padà.

Tóyìn_Suffolk

Ti 2023 sí 2024 yìí, n kò gbọ́ ọ rí. Kóòṣì, ẹ má fi sílẹ̀.

Ìyá_Àdìsá

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ tèmi náà, n kò mọ bọ́ọ̀lù tó yín, ṣùgbọ́n mo ti bímọ tó gbá a.

Ọmọ mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan láti kékeré. Wọ́n dá a dúró nígbà tó pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kóòṣì kan dìde níwájú gbogbo òbí, ó ń sọ ìtàn agbábọ́ọ̀lù ńlá kan tí wọ́n ti lé rí. Ó rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ojú yí sí ọmọ mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù náà mọ́ títí dòní.

Nítorí náà, Kóòṣì, ẹ má sọ ìtàn yìí níbi àpèjẹ. Bí ẹ bá ti ní "ẹni kan wà tí ẹgbẹ́ márùn-ún já wálẹ̀ mọ́ lọ́wọ́", àwọn ọmọ yòókù á mọ ẹni tí ẹ ń bá wí, orúkọ ìnagijẹ tuntun á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹ kàn fẹ́ fi bọ́ọ̀lù hàn án, bí Òpó Kejì ṣe sọ. Kí ó fẹnu ara rẹ̀ bèèrè pé ta nìyí.

Bàbá rẹ̀ náà, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ ọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀rọ̀ owó tí Bàbá Tẹ́niọlá kà sílẹ̀, òun ni kí ẹ sọ ọ́ fún, ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ. Bí ẹ bá sì ní ọmọbìnrin nínú ẹgbẹ́ yín, Glódís Perla Viggósdóttir wà níbẹ̀, ẹ̀yìn lòun náà ń gbá, ó ti ṣe balógun Bayern Munich àti Iceland.

Àlàbí_SE7

Màmá sọ òótọ́. Mo ti fẹ́ kí ẹ sọ ti ipò keje yẹn lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kóòṣì_Woolwich

Ìyá Àdìsá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí. N kò ní sọ ọ́ níbi àpèjẹ mọ́. Ní Wednesday, lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, màá mú un wo àṣekágbá 2008 lórí fóònù, èmi àti òun nìkan. Òpó kejì ni a máa kọ́kọ́ wò. Tó bá bèèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, màá sọ ti Brentford àti ti ÍBV fún un. Bàbá rẹ̀ á wá mú un, màá bá òun náà dúró díẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún mi. Ṣé kí n sọ góòlù 71 àti 74 yẹn fún un, àbí kí n fi sílẹ̀?

ÌyáÌbejì_Pompey

Ẹ fi sílẹ̀. Ọmọdé ni.

Àkànbí_Mọ́kọ́lá

Ẹ sọ ọ́, Kóòṣì. Lórí ìyẹn, mo ṣì dúró síbi tí mo wà. Ọmọ yẹn lè fi fóònù ara rẹ̀ wá a láàárín ìṣẹ́jú kan, bó bá rí i pé ẹ fi pa mọ́ fún òun, kò ní gba èyí tó kù gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ 64 ti Ipswich pẹ̀lú 42 tí Tóyìn mú wá, kí ó rí i pé ẹnì kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Ti yíyí ara wo òpó kejì, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí mo máa ń fi kọ́ wọn ní Mọ́kọ́lá, ọmọ mẹ́ta àti bọ́ọ̀lù kan ti tó. Ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù wọ àárín láti apá ọ̀tún, ìkejì dúró lẹ́yìn ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn, ó ń na ìka sókè. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ pariwo iye ìka náà kí bọ́ọ̀lù tó dé. Tí kò bá rí ìka, kò rí èèyàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó lọ́ra.

Òpó_Kejì

Ó dáa gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn máa rìn, kó má dúró lójú kan, kó máa yọ sí ọ̀tún, kó máa yọ sí òsì. Wọn kì í dúró dè ọ́ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀.